Èéhù Tí Omi Gbígbóná Pa

Láti òwúrọ̀ ni Dúrótoyè ti ń ro ìkòkò náà, kò sì ṣàn. Ó yẹ kí ó ti ṣàn. Bí èéhù, àgbàdo tí a mú hù, tí a sá, tí a sì lọ̀, bá wọ inú ògì gbígbóná, tí a sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ooru má sá, ògì náà a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di omi, omi náà a sì dùn. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ ki bí ẹ̀kọ tí a fẹ́ pọ́n sínú ewé. Nígbà tó fa orógùn sókè, ó tẹ̀ lé orógùn, ó so rọ̀ lára rẹ̀, ó sì já padà sínú ìkòkò.

Ó fi ìka tọ́ ọ wò. Ògì lásán ni.

Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́yẹlé, jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó ń fa igi kúrò nínú iná kí ooru má baà pọ̀ jù. Ó ti fi gèlè funfun wé orí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kan Olúwa mọ́gi ni, ó sì ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ: oúnjẹ kò kan ẹnu rẹ̀, omi kò kan án. Ètè rẹ̀ ti bó. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀, inú iná ló ń wò.

Gbogbo àgbàdo tó wà nínú ìkòkò yẹn ni irúgbìn wọn. Kò sí òmíràn nílé, kò sí òmíràn lóko.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà, ọdún 1983, iná ti la oko kòkó kọjá láti ẹsẹ̀ òkè títí dé etí odò. Kòkó tí bàbá Dúrótoyè gbìn, tí òun náà ti ń ká láti kékeré, di kùkùté dúdú láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí kòkó rẹ̀ jóná kò ní ká òmíràn kí ọmọ tó ń fà lọ́wọ́ tó di àgbà. Ohun tó kù fún wọn ni kí wọ́n gbin àgbàdo sáàárín kùkùté bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kí ilé má baà pa run. Àgbàdo irúgbìn wà lórí àjà, níbi tí èéfín ti ń pa kòkòrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ní láti jẹun. Lónìí ṣírí díẹ̀, lọ́la ṣírí díẹ̀, títí Dúrótoyè fi gun àjà lọ́jọ́ kan tó rí i pé irúgbìn tó kù kò tó gbìn, kò sì tó jẹ.

Ohun tí kò tó gbìn tí kò sì tó jẹ, ìyà ni kí ènìyàn jókòó tì í kí ó máa wò ó. Ó ronú lé e lórí. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń ṣe súwíìtì, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọkà di omi ṣúgà. Ní ọdún yìí, ṣúgà ti wọ́n débi pé Olúbáyọ̀, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Owena, ti ń yan búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà rárá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é ní búrẹ́dì aláìsàn. Dúrótoyè fi abọ́ àgbàdo kan ṣe ìdánwò. Ó mú un hù lórí ẹní, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ ògì, ó sẹ́ ẹ, ó sì sè é títí tó fi pọ́n tó sì ń fà bí oyin. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó gbé e lọ sí Owena. Olúbáyọ̀ tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó ní kí ó má sọ fún ẹlẹ́búrẹ́dì mìíràn.

Wọ́n fi ẹnu kò. Bí Dúrótoyè bá lè gbé kẹ́ẹ̀gì kan dé kí Olúbáyọ̀ tó dáná ààrò ní Ọjọ́bọ̀ fún búrẹ́dì Àjíǹde, Olúbáyọ̀ yóò fún un ní àpò àgbàdo irúgbìn méjì. Ẹ̀gbọ́n Olúbáyọ̀ ní oko ní Ofosu, iná kò sì dé ibẹ̀.

Báyìí, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti kan ọ̀sán, ìkòkò sì kọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí Dúrótoyè fura sí ni lílọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìbàdàn máa ń sọ pé ohun tí ẹnu ẹ̀rọ kò bá jẹ, èéhù kò ní lè jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ó lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, ó rẹ ẹ́, ó tún lọ̀ ọ́ ní tútù. Nígbà ìdánwò, ẹ̀ẹ̀kan ló lọ̀ ọ́, èèrí tó kù nínú asẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ó dùn ún bí ẹni pé wọ́n jí i gbé. Nítorí náà, ó ti dúró ti ẹlẹ́rọ ní Odòde Ìdànrè lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí ó fún ojú ẹ̀rọ pọ̀, ẹlẹ́rọ sì ń kùn pé ṣé àgbàdo ló fẹ́ lọ̀ ni àbí ẹfun.

Ó bu ògì náà díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rà á mọ́ ìka. Kò sí hóró kankan nínú rẹ̀. Ó jọ̀lọ̀. Ẹ̀rọ ti jẹ tirẹ̀.

Ó dìde, ó lọ síbi tí ìyókù èéhù wà nínú igbá, èyí tí wọn kò tíì lọ̀. Ó ju mélòó kan sẹ́nu. Èéhù tó dára, bí a bá fi eyín fọ́ ọ, a máa rún wómúwómú, adùn rẹ̀ a sì dé ẹ̀yìn ahọ́n. Èyí le bí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì rí lẹ́nu bí àgbàdo tí a ti sè rí tí a wá sá gbẹ.

Ó yí padà sí ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Tinúkẹ́, kí ló ṣe èéhù yìí?”

Ọmọ́yẹlé fi igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Mo da omi gbígbóná sí i.”

Dúrótoyè tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sọ́wọ́.

“Kí a tó sá a,” ni Ọmọ́yẹlé wí. “Nígbà tí ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Alàgbà ìjọ wá béèrè ohun tí a fẹ́ fi ìkòkò ìkórè ṣe. Ó rí èéhù lórí ẹní. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní rò pé ilé wa ni òun yóò ti rí i, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ìkòkò ìjọ rùn fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo rò pé bí mo bá fi omi gbígbóná pa ohun tó ń sọ ọ́ di ọtí, adùn rẹ̀ nìkan ni yóò kù.”

Òótọ́ ni pé ìkòkò ìjọ ni, èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìkórè. Kò sí ìkòkò mìíràn ní àdúgbò tó lè gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Òótọ́ sì ni pé ẹni tó bá ń mú àgbàdo hù lórí ẹní ní Ìdànrè, ọtí ni gbogbo ènìyàn máa rò pé ó fẹ́ pọn. Ní ìjọ Aládùúrà tiwọn, ẹni tó bá pọn ọtí àti ẹni tó bá mu ún, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí.

“Èéhù ló ń mú un dùn,” ni Dúrótoyè wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Ọjọ́ ló ń sọ ọ́ di ọtí. Tiwa kò ní dúró dé ọjọ́ yẹn. O ti pa ẹni tí a bẹ̀ níṣẹ́.”

Ọmọ́yẹlé bo ojú. Omijé kò jáde. Bóyá nítorí pé kò tíì mu omi.

Àsìkò yìí ni Joanna, aládùúgbò wọn, yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Òun náà ní oko tó jóná, ó sì ní ọmọ ju tiwọn lọ. Ó ní òun ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀kọ láti òwúrọ̀, òun sì ti ń dúró kí wọ́n ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ rán ti sùn lọ lójú ọ̀nà. Ó wo inú ìkòkò ńlá náà, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn yìí,” ni ó wí. “Ẹ se gbogbo èyí.”

Kò sí bí a ṣe lè se ìkòkò tó tó yẹn kí a má bu fún aládùúgbò tó gbé abọ́ dání. Dúrótoyè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé abọ́ kan kò ní dúró lórí abọ́ kan. Bí ó bá bu fún Joanna, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọmọ àdúgbò yóò ti yí ìkòkò ká, kò sì sí ẹni tó lè fi igi lé ọmọ tí ebi ń pa. Ó dúró sáàárín abọ́ àti ìkòkò. Ó sọ fún Joanna pé kí ó má bínú, pé iṣẹ́ ló wà nínú ìkòkò, kì í ṣe oúnjẹ.

Joanna wo ẹ̀kọ, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní òun ti rí ahun rí, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí èyí tó ń pe ẹ̀kọ ní iṣẹ́. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

“Ẹ jẹ́ kí a pọ́n ọn,” ni Ọmọ́yẹlé wí nígbà tó ti lọ. “Bàbá Tinúkẹ́, ẹ jẹ́ kí a pọ́n ọn sínú ewé. Kí àwọn ọmọ jẹ. Kí Joanna gba tirẹ̀. Ó ti bàjẹ́ fún wa, ẹ má jẹ́ kí ó ṣòfò.”

“A ó jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ Àjíǹde. Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé bí ògì náà bá sùn mọ́jú láìní èéhù, yóò kan. Bí ó bá kan, kò ní ṣe oyin mọ́. Àwọn méjèèjì sì mọ ilé kan ṣoṣo ní Odòde tí èéhù kì í tán, láìka ọ̀dá, láìka iná. Kò sí ẹni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀.

Ìbílọlá ni orúkọ obìnrin náà, ẹ̀gbọ́n bàbá Dúrótoyè. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn láti ìgbà tí àwọn ará Ìdànrè ti sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú àtijọ́ lórí òkè, kò sì lọ sí ìjọ kankan. Nígbà tí wọ́n ń sọ Tinúkẹ́ lórúkọ, ó gbé akèrègbè kan wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìyá àgbà. Ọmọ́yẹlé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìjọ nígbà náà tí iná rẹ̀ ṣì ń jó fòò, gba akèrègbè náà lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, ó sì dà á sínú kòtò. Ìbílọlá kò jà. Ó gba akèrègbè rẹ̀ tó ti ṣófo, ó ní ohunkóhun kò ní ti ilé òun wọ ilé yìí mọ́, àfi bí ọwọ́ tó dà á nù bá wá tọrọ rẹ̀.

“N ó lọ,” ni Dúrótoyè wí.

“Kò ní fún yín,” ni Ọmọ́yẹlé wí. Ó dìde, ó gbọn eérú kúrò lára aṣọ rẹ̀. “Ọwọ́ mi ló dárúkọ.”

Ó bọ́ bàtà sílẹ̀. Dúrótoyè rò pé ó gbàgbé rẹ̀ ni, ó fẹ́ pè é padà. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ibi mímọ́ nìkan ni obìnrin yìí máa ń lọ láìwọ bàtà, ó sì jẹ́ kí ó máa lọ.

Ìbílọlá wà ní ìta ilé rẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ẹsẹ̀ ìkòkò. Nígbà tó rí ẹni tó ń bọ̀, kò dúró. Ọmọ́yẹlé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ń gbá, ó kí i. Ìbílọlá gbá yí i ká.

Ó fi èdè Ìdànrè àwọn àgbà béèrè bóyá òjò ló fọ́ ọ lójú tó fi ṣìnà, nígbà tí òjò kò sì tíì rọ̀. Ọmọ́yẹlé ní òun kò ṣìnà. Ó sọ ohun tó bá wá. Ó sọ ti irúgbìn àti ti Olúbáyọ̀, ó sọ ti Ọjọ́bọ̀. Ìbílọlá béèrè pé ṣé ọkọ rẹ̀ kò ní ọwọ́ láti mú àgbàdo hù ni. Ọmọ́yẹlé ní ó mú un hù, ó sì hù dáadáa.

“Kí ló wá ṣe é?”

“Mo da omi gbígbóná sí i, Ìyá. Kí ó má baà di ọtí.”

Ìbílọlá dúró. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, ó sì gòkè títí tó fi di ikọ́, tó fi ní láti di ògiri mú.

“O rì í bọmi,” ni ó wí nígbà tí èémí padà. “O sọ ọ́ di ọmọ ìjọ. Kò sì tilẹ̀ jí mọ́.”

Ọmọ́yẹlé kò gbé orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kò jí mọ́. Ó ní gbogbo ohun tí àwọn ọmọ òun yóò jẹ lọ́dún yìí ló wà nínú ìkòkò náà, òun sì ni òun pa á. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

Ìbílọlá wo ètè rẹ̀ tó ti bó, ó sì béèrè ìgbà tó mu omi gbẹ̀yìn. Ọmọ́yẹlé sọ fún un. Arúgbó náà mi orí, ó wọlé. Ìgbà tó jáde, igbá kékeré kan ló gbé lọ́wọ́, èéhù gbígbẹ inú rẹ̀ kò ju ohun tó dé ẹnu igbá lọ. Ó ní èyí náà ni gbogbo ohun tí òun ní, pé iná kò jó oko Dúrótoyè nìkan. Ó gbé e lé Ọmọ́yẹlé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

“Má dà á nù,” ni ó wí.

Nígbà tí Ọmọ́yẹlé dé ilé, Dúrótoyè wo inú igbá, inú rẹ̀ sì bà jẹ́. Ó kéré. Ìkòkò tó tó yẹn, ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta ni ó yẹ kó gbà. Èyí tó tún burú ni pé ògì ti tutù, ó sì ti dì. Ó ti di ẹ̀kọ gidi, tí a lè fi ọ̀bẹ gé. Èéhù kò lè wọ inú ohun tó dì bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e padà sórí iná, ìsàlẹ̀ yóò jó kí òkè tó yọ́.

Ó jókòó lórí àpótí, ó gbá orí mú. Ọmọ́yẹlé dúró tì í pẹ̀lú igbá. Kò gbé e kalẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ lè gbé e mì.

“Kí ni wọ́n máa ń ṣe ní Ìbàdàn bí ó bá dì?” ni ó béèrè.

“Wọn kì í jẹ́ kí ó dì.”

Lẹ́yìn èyí ló tún rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ẹnu ẹ̀rọ kò bá jẹ, èéhù kò ní lè jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ti jẹ àgbàdo ná. Kò tíì jẹ ẹ̀kọ. Ó dìde, ó sì yí odó jáde láti ẹ̀yìn ilé.

Wọ́n ń bu ẹ̀kọ dídì náà sínú odó, wọ́n sì ń gún un. Kò fẹ́ gún. Ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ sábẹ́ ọmọ odó, ó ń sá sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ dá a padà. Ṣùgbọ́n bí a bá gún un pẹ́, ó ń fọ́, ó ń di wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ó ń di ohun tó jọ wàrà tó ki. Ìlù ọmọ odó náà kò ní ìsinmi. Láìpẹ́, Joanna tún yọ láti ẹ̀yìn ilé, kò mú abọ́ dání lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun wá wo irú iyán tí wọ́n ń gún tí wọn kò tún ní bu fún ènìyàn. Nígbà tó rí ohun tó wà nínú odó, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

“Ilé tí wọ́n bá ti ń gún ẹ̀kọ lódó,” ni ó wí, “ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá ìjà.”

Ó gba ọmọ odó náà lọ́wọ́ Ọmọ́yẹlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún.

Ọmọ́yẹlé kọjú sí ọlọ. Èéhù gbọ́dọ̀ kúná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀, kò sì sí ẹlẹ́rọ tí yóò tan ẹ̀rọ nítorí igbá kékeré kan. Ọlọ náà, òkúta òkè Ìdànrè ni, ojú rẹ̀ ti dán. Dúrótoyè wá òkúta tó mú, ó fi sá ojú rẹ̀ títí tó fi mú padà. Ọmọ́yẹlé lọ̀ ọ́ lójúkan, ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ gbá èyí tó bá fẹ́ sá jáde padà sáàárín. Kò jẹ́ kí hóró kan ṣòfò. Ebi ti mú ojú rẹ̀ ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró títí tí ojú rẹ̀ fi là, ó sì ń bá a lọ.

Dúrótoyè kò pín èéhù náà. Bí ó bá fọ́n ọn ká gbogbo ìkòkò, yóò sọnù síbẹ̀ láìrí ohun kan ṣe. Ó bu ògì gígún díẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, ó gbé e kaná títí tí ìka fi lè wọ inú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè dúró. Ó da gbogbo èéhù sí i, ó bò ó, ó sì fi aṣọ òtútù àwọn ọmọ wé e. Ìgbà tó ṣí i, orógùn wọ inú rẹ̀ láìsí ìjà, ó sì jáde ní mímọ́. Ó ti ṣàn.

Kò sí ẹni tó yọ̀. Ó da èyí tó ṣàn sínú èyí tí kò tíì ṣàn, wọ́n bò ó, wọ́n dúró. Wọ́n tún dà á sínú òmíràn. Bí a ṣe ń dà á síwájú ni agbára rẹ̀ ń dín kù, ìdúró sì ń gùn sí i. Ìgbà tó kan ìkòkò ìkórè fúnra rẹ̀, oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn òkè.

Ìṣòro tó kù ni láti mọ ìgbà tó tó. Bí wọ́n bá tètè fi iná sí i, ògì tí èéhù kò tíì jẹ yóò jó mọ́ ìsàlẹ̀, yóò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, yóò kan. Ahọ́n nìkan ló lè sọ ọ́. Dúrótoyè ti tọ́ èyí tó gbóná wò láti òwúrọ̀ títí ahọ́n rẹ̀ fi bó. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi àti oyin mọ́. Joanna tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn bí nǹkan ọ̀run, ṣùgbọ́n ebi ń pa Joanna, ohun gbogbo ni ì bá dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ́yẹlé bu díẹ̀ sínú ṣíbí. Ó fẹ́ ẹ.

“Ààwẹ̀ rẹ ńkọ́?” ni Dúrótoyè wí.

“Nítorí èyí ni mo ṣe ń gbà á.”

Ó fi sẹ́nu. Ó di ojú. Ohun àkọ́kọ́ tó kan ahọ́n rẹ̀ láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni, inú igbá ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló sì ti wá. Ó jẹ́ kí ó yí ká ẹnu rẹ̀ kí ó tó gbé e mì.

“Kò tíì tó,” ni ó wí. “Ògì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bò ó.”

Wọ́n bò ó. Ìgbà tó tún tọ́ ọ wò, ó sọ ohun kan náà. Ìgbà kẹta, ó kàn na ọwọ́, ó fa igi wọ inú ààrò.

Ọjọ́rú lọ gbogbo rẹ̀ sí sísẹ́ àti sísè. Wọ́n bu èèrí fún Joanna, èyí tó ṣì dùn díẹ̀, ó fi ṣe oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti tiwọn. Ohun tó wà nínú ìkòkò ń lọ sílẹ̀, ó ń pọ́n, ó ń fà. Ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ tán, kẹ́ẹ̀gì kò kún. Ó ku bí ìbú ọwọ́ kan kí ó dé ọrùn. Dúrótoyè gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ibi tó ṣófo. Garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo omi náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ti ìdérí kẹ́ẹ̀gì pa.

Ní Owena, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyẹ̀fun ti wà nínú ọpọ́n, Olúbáyọ̀ sì ti to igi sínú ààrò, kò kàn tíì ṣáná sí i ni. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì náà, ó ti ìka bọ̀ ọ́.

“Kò kún,” ni ó wí.

“Kò kún.”

“Ẹlòmíràn ì bá ti fi omi dí i.”

“Omi odò wà níhìn-ín,” ni Dúrótoyè wí. “Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ lè fúnra yín pọn ọ́n.”

Olúbáyọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni. Ó ní ohun tí àwọn sọ ni kẹ́ẹ̀gì kíkún fún àpò méjì, èyí kì í sì í ṣe kẹ́ẹ̀gì kíkún. Ó yọ àpò kan, ó sì bu abọ́ mélòó kan lé e. Dúrótoyè kò bá a jiyàn. Àpò kan yóò gbin ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Bí òjò bá rọ̀ lásìkò, wọn yóò jẹ. Bí kò bá rọ̀, kì í ṣe ẹjọ́ Olúbáyọ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, Ọmọ́yẹlé ti fi iyanrìn fọ ìkòkò ìkórè, ó ti dá a padà, Alàgbà sì ti tẹ orí bọ inú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, kò rí ohun kan sọ. Ìkùukùu ti ṣú sórí òkè. Ọmọ́yẹlé gbé igbá Ìbílọlá wá síwájú àpò, ó tú ẹnu àpò, ó sì bu àgbàdo kún igbá náà dé ẹnu. Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi ṣe òkìtì lé e lórí.

“Irúgbìn nìyẹn,” ni Dúrótoyè wí. Oko tó máa ṣófo nítorí igbá yẹn ló ń rò.

“Mo mọ̀.”

“O sì mọ ohun tó máa fi ṣe.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá Tinúkẹ́.”

Kò dá a dúró.

Ìbílọlá gba igbá náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọn òkìtì rẹ̀ pẹ̀lú ojú, kò dúpẹ́. Ó ní kí Ọmọ́yẹlé wọlé, nítorí pé òjò ń bọ̀. Ọmọ́yẹlé tẹ̀ lé e wọlé, ibi tí kò tíì dé rí láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé wọn, ó sì jókòó sórí àpótí tí Ìbílọlá nà sí i. Arúgbó náà da àgbàdo sínú ìkòkò amọ̀ láti rẹ ẹ́. Ó gbé agbè omi lọ́wọ́, ó dúró díẹ̀, ó sì yí ẹnu agbè náà sí Ọmọ́yẹlé kí ó lè rí i.

“Wò ó dáadáa,” ni ó wí. “Omi tútù ni.”